Obì Tó Wà Nínú Ìwé

Ìyá àgbà da agbọ̀n obì náà sórí ẹní, gbogbo rẹ̀ pátá, obì sì ń yí lọ sábẹ́ àga. Òórùn ewé tútù gba gbogbo yàrá wa ní àdúgbò Williamsville. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó gbé ọjà rẹ̀ lọ sí Adjamé lọ́jọ́ Ajé. Bó bá rí obì kan ṣoṣo tí kòkòrò ti wọ̀, kì í ṣa ìyẹn nìkan kúrò. Á dà wọ́n sílẹ̀ tán, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbóòórùn wọn, lẹ́yìn náà lá fi ewé tuntun wé àwọn tó dáa.

"Gbogbo wọn ló jẹ̀bi," ló máa ń wí, "títí ọwọ́ mi á fi dá wọn láre."

Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé filosofí mi. Mo wà ní terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn ní lycée, ilé ìwé girama wa, èrò àwọn òyìnbó àtijọ́ sì ti ń gùn mí. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀wé. Mo sọ fún un nípa ọ̀kan nínú wọn, tó pinnu pé òun ò ní gba ohunkóhun gbọ́ mọ́. Ojú lè tan ni jẹ, àlá lè jọ òótọ́, kódà ara ẹni lè jẹ́ ẹ̀tàn. Ó kó gbogbo ohun tó gbàgbọ́ dànù kó lè rí èyí tó máa kù.

"Ó dà wọ́n sílẹ̀ tán," ni ìyá wí.

"Ẹ má fi wé obì, Ìyá. Filosofí ni."

Kò bínú. Ó tẹ obì mẹ́ta, mẹ́rin. "Ọwọ́ tó ń yẹ̀ wọ́n wò ló máa kù. N ò lè da ọwọ́ mi sílẹ̀ mọ́ obì. Bí mo bá ní ọwọ́ mi náà bàjẹ́, kí ni mo fi tẹ̀ ẹ́ tí mo fi mọ̀?"

Mo fi rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí òyìnbó náà rí gan-an nìyẹn: ẹni tó ń ṣiyèméjì ò lè da ara rẹ̀ nù.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ wa ní ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bó ṣe yé wa. Mo sọ ti obì, mo sọ ti ọwọ́. Olùkọ́ bi mí níbi tí mo ti rí i. Mo wo àwọn ọmọ tó máa ń pe àwa ọmọ àjèjì ní Anango láti fi wá ṣẹ̀sín, mo rántí ìka ìyá tí obì ti sọ di pupa.

"Dans un livre, monsieur." Inú ìwé kan ni mo ní mo ti rí i.

Nígbà ìpàdé àwọn òbí, ìyá wọ aṣọ ọdún Iléyá rẹ̀ wá. Olùkọ́ rò fún un, níwájú mi, àlàyé obì tí mo ní mo rí nínú ìwé. "Maman, votre petite-fille lit beaucoup." Ọmọ ọmọ yín ń kàwé gan-an. Ìyá gbọ́ Faransé ọjà dáadáa. Ìtìjú mú mi, mo tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú tirẹ̀ ń dán.

"Ṣé òyìnbó yẹn náà ń ta obì ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ́ kiri ọjà Adjamé. "Òyìnbó kan wà tó ń ta woro bíi tèmi," lá wí fún àwọn oníbàárà Dyula, tí wọ́n ń pe obì ní woro, "ó ti kọ ọ́ sínú ìwé." Inú rẹ̀ ń dùn pé òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ jẹ́wọ́, ojoojúmọ́ ni ojú ń tì mí.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí n ka ibi tí òyìnbó náà ti sọ ọ́ fún òun. Mo ṣí ìwé mi síbi tí kò ti sí obì kankan, mo ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fún un: gbogbo wọn ló jẹ̀bi, ọwọ́ ló máa kù. Ó dijú, ó ń mirí.

"Ọkùnrin yẹn gbọ́n jù mí lọ," ló wí.

Mo pa ìwé dé. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan sí i láyé.

Èmi náà ń kọ́ni ní filosofí báyìí, ní Attécoubé. Lọ́dọọdún ni mo máa ń da agbọ̀n obì sórí tábìlì níwájú àwọn ọmọ, tí mo máa ń sọ fún wọn pé ìyá àgbà mi ló sọ ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi náà ti bá a. Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Òun nìkan ló kú láìmọ̀ pé òun ló ni ín.