Iṣu Tuntun Tí Kò Wọlé ní Òkè Alédjo

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá ni ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Kambolé, tó ti wé gèlè, tó ti wọ bàtà, bí ẹni pé ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e nínú àgbàlá. Mo ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí ẹni tó bá ń kánjú wá télọ̀ mìíràn, nítorí orí òkè ni mo fẹ́ lọ sinmi. Sìkírá ìyàwó mi, tó ń bá wa lọ, ní òun ò rí télọ̀ tó ń sinmi rí, àfi èyí tí abẹ́rẹ́ gún lọ́wọ́.

Òkè Alédjo là ń lọ, ó kọjá Sokodé sí apá àríwá. Ráfátù, ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré, ló ń gbé níbẹ̀. Wọ́n jọ ro oko, wọ́n jọ pọnmi, kí ọmọ Kotokólì kan tó wá fẹ́ Ráfátù lọ. Láti ìgbà náà, ojú wọn ò tún kan ara mọ́. Nígbà tí bàbá Ráfátù kú, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kò lè wá. Oko bàbá náà ló bọ́ sọ́wọ́ ìyá mi, inú oko yẹn ló sì ti wa iṣu tuntun tó dì sínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó mú àgbàlagbà jáde nílé nìyẹn: ó fẹ́ kí Ráfátù jẹ iṣu oko bàbá rẹ̀ lójú òun, kí ikú tó mú ọ̀kan nínú wọn.

Mo bi í pé, “Ìyá, ṣé àwọn ará òkè ò níṣu ni?”

Ó ní, “Wọ́n níṣu. Wọn ò ní tiwa.”

Bàsé la wọ̀. Bàsé ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tapólì bò, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí lẹ́yìn, tí orúnkún tìrẹ àti ti ẹlòmíràn á sì máa kí ara wọn títí dé ibi tí ẹ ń lọ. Awakọ̀ ní àfi kí a sanwó iṣu lọ́tọ̀, torí àpò náà wúwo ju ènìyàn lọ. Ìyá mi ní kò burú, bó bá ti gba owó èrò lórí iṣu, kó wá àyè ìjókòó fún un. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé iṣu náà lọ́fẹ̀ẹ́. Amọ̀ pupa ni ọ̀nà náà lásìkò òjò. Ẹ̀ẹ̀kan la sọ̀ kalẹ̀ tì í, ẹrẹ̀ sì kùn mí dé itan.

Ní Tchamba tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀, a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lórí pápá, wọ́n ń fi orin àti ijó yin Ààrẹ. Animasíọ̀n là ń pè é, kò sì sí ìlú tí kì í ṣe é, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ wa. Gbogbo èrò dúró, a pàtẹ́wọ́, torí ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́ ni wọ́n máa ń yíjú wò.

Ìyá mi ní, “Wọ́n mọ̀ ọ́n jó o. Ta ló ń bá wọn ro oko?”

Sìkírá yára fi àkàrà sí i lọ́wọ́ kí ẹnu rẹ̀ lè ríṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní Sokodé, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi Làmídì la sùn, ní àdúgbò Komah. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, abọ́ tánganran ló ń tà lọ́jà. Ó fi wákè ṣe wá lálejò, èyí tí àwọn Haúsá máa ń fi ìrẹsì àti ẹ̀wà sè pọ̀, ó sì da wàgàsì, wàrà dídì tí wọ́n dín, lé e. Mo jẹun, mo lá ọwọ́. Ìyá mi náà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní oúnjẹ tí a kò gún kì í pẹ́ níkùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Làmídì ti ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé abọ́ ńlá kan lọ́wọ́ fún Ráfátù, ó sì tẹ̀ lé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ mọ̀. Ọ̀nà Alédjo ń yí gòkè ni, ọ̀dà dúdú ni wọ́n yọ́ sí i, títí tí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ti la àpáta sí méjì kí mọ́tò lè kọjá. Òkúta dúró lápá ọ̀tún, òkúta dúró lápá òsì, awakọ̀ sì ní láti fun fèrè kó tó wọ̀ ọ́, torí kò gba ọkọ̀ méjì. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó ń ka àdúà. Nígbà tí a jáde lódì kejì, atẹ́gùn tútù fẹ́ lù wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìró ìyá mi.

Ẹsẹ̀ la fi gun ìyókù. Èmi ni mo ru iṣu. Bàtà ìlú tí Làmídì wọ̀ ń yọ̀ lórí òkúta, ó sì ń bú òkúta. Ìyá mi ń sinmi níbi gbogbo tó bá ti rí ìjókòó, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n nígbà tí Sìkírá ní ká padà, ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

Ráfátù jáde sí wa lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò kí ara wọn. Wọ́n kàn dì mọ́ra, wọ́n sì ń sunkún, omi sì bọ́ lójú èmi náà. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi tú àpò. Ojú Ráfátù yí padà.

Ó ní, “Àmínà, ṣé wọ́n ti jẹ iṣu ní Kambolé ni?”

“Wọ́n ti jẹ ẹ́.”

“A ò tíì jẹ tiwa. Baálé wa ló máa ń kọ́kọ́ gé e, ó sì ti lọ síbi òkú ní Bafilo. Kó tó gé e, iṣu tuntun kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, ẹnu wa kì í sì í kàn án.”

Ojú tì mí. Nílé tiwa gan-an, ta ló jẹ́ jẹ iṣu tuntun ṣáájú àgbà? A mọ òfin náà dáadáa. A kàn rò pé ọjọ́ tiwa ni ọjọ́ gbogbo ayé.

Ìyá mi ní, “Iṣu oko bàbá rẹ ni, Ráfátù.”

“Mo gbọ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ilé tí mo bí ọmọ mi sí nìyí.”

Ìyá mi jókòó sórí òkúta. “Bí iṣu mi ò bá wọlé, èmi náà ò wọlé.”

Ráfátù wọlé lọ gbé ẹní jáde, ó tẹ́ ẹ, ó sì jókòó tì í. “Èmi náà ò wọlé.”

Bí abọ́ Làmídì ṣe wọlé nìyẹn, tí àwa wà níta. Àwọn ìyàwó ilé gún iṣu ọdún tó kọjá fún wa, iṣu tó ti hunjọ bí ojú àgbà, ó sì dùn débi pé n kò lè purọ́. Ìyá mi ní ebi ò pa òun. Mo bá Làmídì gun ṣóńṣó òkè lọ. Inú mi dùn bí ti ọmọdé. Mo rí àṣá tó ń fò nísàlẹ̀ wa, mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Nílé, ikùn rẹ̀ là ń rí.

Nígbà tí a padà, a gbọ́ ẹ̀rín ká tó rí wọn. Abọ́ iyán ti ṣófo láàárín àwọn méjèèjì. Ráfátù gbé iṣu kan sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e.

“Orí rẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá mi dáhùn pé, “Ó wà nínú ebè níbi tí bàbá rẹ kọ ọ́ sí. Mo bò ó kí n tó kúrò, kó lè tún ta.”

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú. Ìyá mi ò dìde. Ráfátù fà á lọ́wọ́, ó ní, “Iṣu la kà léèwọ̀, a ò ka Àmínà.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó wọlé. A so àpò iṣu mọ́ ẹ̀ka igi ẹ̀mí, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, lẹ́yìn ògiri.

A lo ọjọ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀. A wẹ̀ nínú odò tó ń ti ara òkúta ṣàn, a jẹ gúáfà títí eyín fi kan. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń wo ọ̀nà Bafilo, baálé kò sì dé. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ máa lọ, Ráfátù sìn wá dé abẹ́ igi náà, ó fọwọ́ kan àpò.

Ó ní, “Lọ́jọ́ tó bá gé e, mo máa jẹ ẹ́.”

Ìyá mi ní, “Mi ò ní rí i.”

“O ò ní rí i. Ṣùgbọ́n o máa mọ̀.”

Ìyá mi sunkún títí a fi kọjá inú àpáta.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ju èyí lọ: kí a tó ru iṣu lọ sílé ẹlòmíràn, ká kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti jẹ tiwọn. Nígbà tí a dé Kambolé, mo rò pé ìyá mi máa lọ dùbúlẹ̀. Oko ló gbà lọ, mo sì tẹ̀ lé e. Òjò ti wó ẹ̀gbẹ́ ebè náà, orí iṣu ti yọ síta. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Ó ní, “Èyí tó bá tún ta nísinsìnyí, ti Ráfátù ni. Àsìkò ọyẹ́ la máa gbé e lọ, nígbà tí gbogbo ilé bá ti jẹ tiwọn tán.”

Mo bá a wa erùpẹ̀ bò ó.