Ariwo Àwọn Tó Fẹ́ràn Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́yìn Bobè, rédíò ilé gbogbo ènìyàn ń kọrin, ó sì ń sọ ìròyìn. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ló ń ké bí òròmọdìẹ: tí-tí-táà, tí-táà. Bàbá Pọ́sìtì là ń pè é, torí pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Bátìrì mọ́tò ló fi ń lo ẹ̀rọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá fọ àwo tán, tí ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún epo, màá lọ jókòó tì í. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, olùkọ́ ní Savalou, á máa fi igbe tí-tí-táà yẹn tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, igbe kọ̀ọ̀kan dúró fún lẹ́tà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí kálukú lè mọ bí ẹnì kejì ṣe ń gbọ́ òun tó. Àrún ni pé ó yéni yékéyéké, ení ni pé o kò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá pe àrún níbi tí ó ti jẹ́ èjì, yóò fa etí mi. "Má purọ́ pé o gbọ́ ohun tí o kò gbọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òjò, ìyá mi rọbí títí, ọmọ kò wá. Agbẹ̀bí jáde, ó ń nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní àfi ilé ìwòsàn Savalou. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kò lè wọ inú ẹrẹ̀ wa, a ní láti fi ẹní àti ọ̀pá gbé ìyá mi lọ sí títì. Bí a bá sì gbé e débẹ̀ tí kò sí ọkọ̀, tí a tún gbé e padà, agbẹ̀bí ní ẹ̀mí rẹ̀ kò ní gbà á. Bàbá Pọ́sìtì tẹ ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ń lọ bèèrè ọkọ̀. A dúró. Mo fi etí ti rédíò, mò ń retí èsì.

Ìgbà náà ni àwọn ẹbí dé láti Atokoligbé, lórí àwọn alùpùpù kékeré tí à ń pè ní mobilẹ́tì. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kò yọjú? Wọn kò pa ẹ́ńjìnnì, torí bí ó bá kú, títì ni wọn yóò máa tì í kó tó jí. Wọ́n ń pariwo, "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ!" Iná ẹ́ńjìnnì wọn sì ń ta gàrà-gàrà nínú rédíò, ó bo tí-tí-táà mọ́lẹ̀.

"Ení!" ni Bàbá Pọ́sìtì ń ké. "Ení ni mo ń gbọ́! Ẹ pa nǹkan yẹn!" Ta ló gbọ́ ọ?

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Sulé, àgbà ẹbí wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa mobilẹ́tì rẹ̀. Ó ní ọmọdé kì í já ìkíni mọ́ àgbà lẹ́nu. Ni mo bá fa wáyà buji, èyí tí ń tanná sí ẹ́ńjìnnì mobilẹ́tì náà, yọ. Iná gbọ̀n mí dé eyín, ìgbátí Bàbá Sulé sì tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù pa ẹ́ńjìnnì tiwọn kí wọ́n lè gbọ́ èébú tí wọ́n fẹ́ bú ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Gàrà-gàrà inú rédíò dákẹ́. Tí-tí-táà. Bàbá Pọ́sìtì na ọwọ́ sókè. "Ọkọ̀ ti kúrò ní Savalou. Ẹ gbé e!"

Bàbá Sulé ló kọ́kọ́ ti èjìká bọ abẹ́ ọ̀pá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti bí àbúrò mi, ìyá mi sì yè.

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Nígbà tí ọmọ tèmi rọbí, mo pe ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn wọn mọ́ ketekete, ọkọ̀ sì dé kí n tó wọ bàtà. Àwọn ẹbí fi àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù, ó pọ̀ jọjọ. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn nílé ìwòsàn, tí mo wo ọ̀tún, tí mo wo òsì, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.