Rachel Aránṣọ àti Ọmọ Rẹ̀ Tó Ń Ta Gìrì

Bí ẹ bá ń ti Bẹẹrẹ bọ̀ tí ẹ fẹ́ yà sí Òkè Padre, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀dà pupa. Ti Rachel nìyẹn. Èmi ni mo ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pákó lásán ló pààlà sáàárín wa, torí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí n kì í gbọ́, bí n kò tilẹ̀ dẹtí.

Síkẹ́ẹ̀tì ni Rachel mọ̀ ọ́n rán jù. Àwọn obìnrin a máa ti Oníyanrìn wá nítorí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ alábala márùn-ún, èyí tó máa ń di ìdí mú lókè, tó sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nísàlẹ̀. Bó bá gé abala kan tí kò yẹ, títú ló máa tú gbogbo ẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó rán an bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n síkẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní jókòó dáadáa lára ẹ̀." Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mò ń sọ ìyókù.

Hezekiah, ọkọ rẹ̀, ń fi ọkọ̀ míkírà gbé èrò. Wọ́n wá ọmọ títí kí wọ́n tó bí Ìkẹ́olúwa, ẹ ò bá rí i bí gbogbo wa ṣe yọ̀. Ìyá Hezekiah kó ẹrù láti Beyerunka wá tọ́jú ọmọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ní Beyerunka, wọn ó sọ fún yín pé kò sí ẹni tó mọ ọmọ wẹ̀ bíi Màmá. Wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á ju ọmọ sókè, wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á wá máa fi ìka fa imú rẹ̀ kó lè dúró dáadáa.

Ṣùgbọ́n Ìkẹ́olúwa kò dà bí ọmọ yòókù. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á ta gìrì, gbogbo ara rẹ̀ á sì gan bíi pákó. Mo sín lọ́jọ́ kan, ó gan mọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. N kò sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn mọ́, sísá ni mo máa ń sá jáde. Àwọn kan ní gìrì ni. Obìnrin kan gbé nǹkan dúdú wá nínú ìgò pé kí wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Rachel dúpẹ́, ó gbà á, ó gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Màmá ní tiwọn sọ pé ara ọmọ ló le. Wọ́n ní, "Èyí tí wọn ò bá na apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń rí nìyí." Bí ara ọmọ bá ṣe ń gan ni wọ́n ń nà án sí i, wọ́n sì ń fa imú rẹ̀ sí i.

Èmi náà wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rù bà wá. Màmá ti fi òrí pa ọmọ tán, wọ́n fọwọ́ kan imú rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ gan. A dúró kó mí. Kò mí. Ètè rẹ̀ ṣú. Nígbà tó wá rí èémí fà, Rachel kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó kàn gbá a mọ́ra, ó jáde, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, tòsì jẹ́ ti Màmá. Èmi náà tẹ̀ lé e wọ míkírà. Hezekiah tó máa ń fọn fèrè fún ewúrẹ́ kò fọn ọ́n rárá títí a fi dé ọsíbítù.

Dókítà tó rí wa, Ọlábọ̀wálé ni wọ́n ń pè é, bi í pé, "Bó bá gan, ṣé ojú rẹ̀ máa ń yí?"

Rachel ní, "Rárá, sà. Ó máa ń wò mí. Ó mọ̀ pé èmi ni."

Dókítà fi ìka kan ọmọ nímú fẹ́ẹ́. Ó ta gìrì. Ó tún kàn án, ó tún ta gìrì, kò sì mọ́ ọn lára bó ti wù kó kàn án tó. Dókítà ní kì í ṣe wárápá, kì í sì í ṣe gìrì tí ibà ń fà.

Ni omi bá bọ́ lójú Rachel. "Ìyá ọkọ mi ló ń fà á nímú, sà."

"Wọn ò mọ̀ ni, ma. Ọwọ́ wọn kọ́ ló dá a sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i ni."

Ó ní ara gbogbo wa ní ohun tó máa ń sọ fún iṣan pé kó rọra, bí ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ búrèkì. Ó ní ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ó ya ọ̀kan sórí bébà: abala márùn-ún tó dúró yípo, ihò wà láàárín wọn. Ó ní bí ara bá pe ilẹ̀kùn yẹn, á ṣí, iṣan á sì fara balẹ̀. Ti Ìkẹ́olúwa, ọ̀kan nínú irú abala tí wọ́n fi kọ́ ọ kò dáa, ilẹ̀kùn náà kì í ṣí dáadáa.

Rachel nu ojú. "Síkẹ́ẹ̀tì mi nìyí."

Mo ṣàlàyé fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Rachel ní, "Ṣé oògùn máa tún abala yẹn gé?"

"Rárá, ma. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀kùn mìíràn tún wà lára, abala márùn-ún lòun náà, àmọ́ aṣọ tí wọ́n fi rán an yàtọ̀. Ojú rírán kan wà láàárín abala méjì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni oògùn tí mo fẹ́ kọ fún un máa ń jókòó sí, bí wọ́n bá sì pe ilẹ̀kùn yẹn, á máa jẹ́ ìpè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á bá èyí tó bàjẹ́ ṣe lára iṣẹ́ tí kò lè ṣe."

"Kí ló dé tí kò lè jókòó sára èyí tó bàjẹ́?"

"Abala tó máa gbà á kò sí níbẹ̀ ni."

Mo ní, "Kò ní mú ọmọ sùn jù?" Ó ní ó lè mú un sùn, torí irú ilẹ̀kùn kejì yẹn wà níbi tí oorun ti ń wá pẹ̀lú. Díẹ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kún un fúnra rẹ̀. Ó wá kọ́ wa pé bó bá gan, kí a tẹ orí rẹ̀ síwájú, kí a ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ikùn, kí a dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi rọ̀.

Oògùn ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ilé ni kò rọgbọ. Rachel ní Màmá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Màmá kò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ burú. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀, wọ́n ń dúró de Hezekiah kó gbé wọn padà sí Beyerunka.

Wọ́n ní, "Ọmọ tí mo ti wẹ̀ kò lóǹkà. N kò pa ìkankan."

Rachel gbé ọmọ sí èjìká kejì.

Ìgbà náà ni ọmọrí ìkòkò já bọ́ nínú ilé ìdáná. Ìkẹ́olúwa gan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò sì mí. Rachel ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ikùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, kò rí èyí tó máa fi di orí mú.

"Màmá, ẹ bá mi tẹ orí ẹ̀ wá síwájú. Ẹ rọra."

Báàgì bọ́ sílẹ̀. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí ọmọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wá sí àyà. Àwọn méjèèjì dì í mú bẹ́ẹ̀, ìkan lórí, ìkan lẹ́sẹ̀, títí ara rẹ̀ fi dẹ̀, tó fa èémí, tó sì ké.

Màmá ní, "Àṣé bó ṣe ká ara rẹ̀ nínú ikùn ló fẹ́."

Rachel gbé báàgì Màmá padà sí yàrá. Nígbà tó jáde, Màmá ní, "Ìyàwó, imú ẹ̀ ńkọ́ báyìí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó pẹlẹbẹ."

"Ó dáa. Ti bàbá ẹ̀ náà pẹlẹbẹ, o sì fẹ́ ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro mí.

Ó pẹ́ kí èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun tó dé. Dókítà ní Rachel gbé bátánì tí kò dáa kan wá, Hezekiah náà gbé kan wá, bí ìgbà tí AS bá fẹ́ AS, ọmọ wá kó méjèèjì. Màmá tí wọ́n fẹ́ bèèrè ìdílé ẹni tó ti wá, wọ́n pa ẹnu mọ́.

Ìkẹ́olúwa ti ń rìn báyìí, láti ìdí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ dé ìdí bọ́tìnnì mi, á sì tú wọn ká. Dókítà ní bó bá ń dàgbà, gígan náà lè máa dín kù. Àmọ́ ó ṣì lè ṣubú gbalaja bí nǹkan bá dún lójijì, torí náà Rachel rán fìlà onífóòmù fún un, Màmá sì ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, láìfọwọ́ kan imú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Hezekiah páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbàgbé, ó fọn fèrè. Ọmọ náà ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì di etí síkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ mú. Kò ṣubú. Ó yí ojú sí bàbá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

Màmá ní, "Hezekiah, tún un fọn kí n wò ó."

Rachel ní, "Màmá."

"Ó dáa, mo ti gbọ́."