Ògùrọ̀ Ni Yóò Ṣíwájú

Òórùn ògùrọ̀ àárọ̀ ni mo fi ń rántí ìgbà tí àwọn èèyàn ńlá Ìperu ṣì ń ránṣẹ́ sílé wa kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bàbá Délé, ọkọ mi, ló ń dá a nínú àkùrọ̀; èmi ni mò ń gbé kèrègbè kiri. Tíṣà Bánkólé ń mu ún, Dókítà Adémọ́lá ń mu ún, Lọ́yà Káyọ̀dé náà ń mu ún kó tó lọ sí ìlú òyìnbó.

Lọ́yà yìí ló kó wáìnì dé. Níbẹ̀rẹ̀, ọtí Kérésì ni. Nígbà tó yá, ó di ti ìgbéyàwó, ó di ti ìsọmọlórúkọ, títí ó fi di pé ẹni tí kò bá ní ìgò wáìnì ní pálọ̀, wọn kì í kà á kún. Dókítà kọ́kọ́ fi wá sílẹ̀. Tíṣà tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ máa ń fún pọ̀ bí ẹni jẹ orógbó bó bá mu ún. Kèrègbè wá ń bá mi padà wálé tòun tọtí. Èmi náà gbà pé ọ̀làjú ló dé. Mo ń ṣa ìgò òfìfo wọn, mo ń tò ó sójú fèrèsé bí ohun ọ̀ṣọ́.

Lọ́jọ́ kan tí Lọ́yà pè wá jẹun, ó tọ́ wáìnì wò kó tó ní kí wọ́n bù fún àlejò. Inú ọkọ mi dùn.

“Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ mu.”

“Májèlé lẹ̀yin ń wá, Bàbá Délé,” ni Lọ́yà wí. “Adùn làwa ń wá.”

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń bọ̀ lọ́nà, ó ní: “Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ògùrọ̀ ni kí o kọ́kọ́ bù fún wọn. Ìwọ ni kí o tọ́ ọ wò.”

Mo gbà.

Ọdún tó kọjá ló kú. Délé, ọmọ wa, kó páálí wáìnì wá láti Èkó.

“Màámi, èèyàn ńlá ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ògùrọ̀ síwájú wọn.”

“Kí ló rán ẹ níléèwé?”

“Ògùrọ̀ ni, mà.”

“Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wáìnì rẹ á dúró.”

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gbé kèrègbè lọ sí tábìlì àwọn èèyàn ńlá lábẹ́ àtíbàbà ní pápá iléèwé. Mo mu ife àkọ́kọ́ lójú gbogbo wọn. Lọ́yà, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, ló gbé gíláàsì òfìfo rẹ̀ sókè.

“Ìyá Délé, ṣé ẹ rí májèlé níbẹ̀?”

“N kò rí i o. Adùn ni mo bá.”

Ó rẹ́rìn-ín, omi lé sí i lójú. “Ẹ bù fún mi.” Ni àwọn yòókù bá na ọwọ́.

N kò bínú sí wáìnì. Délé ṣì ń gbé e wá fún mi, mo sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀, nítorí ilé ti dá jù láìsí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo kèrègbè tó wà lára ògiri, mo máa ń rántí pé lọ́jọ́ tí a sin ẹni tó ni ín, òfìfo ló bá mi padà wálé.