Súwẹ́tà Tó Wà Lára Àga Kejì

Ó mà ṣe o, Màámi! Ó di gbéré, ó di ojú àlá. Nọ́ọ̀sì àgbà, abiyamọ tòótọ́, ẹni tí gbogbo ọ̀nà Abaji ń pè ní Mama Sísítà, ẹ ti lọ. Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ nípa inú rere yín nínú ìwé ìsìnkú yìí. Èmi Adérónkẹ́, àkọ́bí yín, ọ̀rọ̀ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé yín ni mo ní í sọ, ìtìjú ni mo sì fi ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin nìkan ni nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ẹ ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àga méjì ló wà nídìí tábìlì. Láràárọ̀, bí ẹ bá ti dé láti ilé yín ní Galadimawa, ẹ ó fi súwẹ́tà náà kọ́ ẹ̀yìn àga kejì, ẹ ó sì gbé ife omi síwájú rẹ̀. Bí aláìsàn bá béèrè, ẹ ó ní ẹnì kejì yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Nígbà tí mo bi yín léèrè ìdí, ẹ ní, "Ara máa ń tu aláìsàn bó bá rò pé èèyàn méjì ló ń ṣọ́ òun." Àwọn kan tilẹ̀ ń kí àga náà ní "Sannu" bí wọ́n bá ń kọjá.

Ọ́fíìsì tó ń pín òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn alábẹ̀wò wa dé wọ́ọ̀dù yín nígbà tí ẹ lọ gbẹ̀bí ní ilé kejì. Wọ́n rí àga méjì, wọ́n rí súwẹ́tà àti ife omi, wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó níbẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún wa títí, ó sú yín. Akọ̀wé la fi ránṣẹ́ sí yín dípò nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ àwọn akọ̀wé ti pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ń yá àga ara wọn jókòó. Ẹ kò bínú. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ojú tì mí nígbà náà, ó ṣì ń tì mí.

Nígbà tí àìsàn dé, wọ́ọ̀dù yín náà lẹ ní kí a gbé yín lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀, mímí ń ni yín lára, mo sì sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Mo tajú kán rí súwẹ́tà lára àga, mo ti ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó gbapò yín, tó fi súwẹ́tà náà sílẹ̀ síbẹ̀, wà lọ́dọ̀ aboyún tó ń rọbí, ẹnikẹ́ni má dá a lẹ́bi. Èmi tí mo mọ ẹni tó ni súwẹ́tà! Mo padà, mo ní n ó ká a kúrò níbẹ̀. Ẹ di ọwọ́ mi mú.

"Fi sílẹ̀," lẹ wí. "Àwọn aláìsàn tó kù ṣì ń wò ó."

Ẹ kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo lọ kó ẹrù yín, mo kó bàtà, mo kó Bíbélì, n kò lè mú súwẹ́tà. Ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ wá síbi ìsìnkú yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀.

Màámi, ẹ dárí jì wá. Iṣẹ́ parí, ẹ sùn re o. Ẹnì kejì yín kò tíì dé.