Bàtà Búùtù Ọkọ Ìyàwó

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ ní Al-Nuzlah ní Jẹ́dà. Yàrá mi ni maṣíìnì wà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń kó aṣọ wá bá mi. Kò sí ẹni tí mo fi téèpù wọ̀n tí n kò ní sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún ọkọ mi kí onítọ̀hún tó sọ̀kalẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ojú mi tó. Ojú náà ló wá dójú tì mí.

Àlàájì kan wà ní An-Nakkasah ní Mẹ́kà, ará ìlú ọkọ mi, tó ní kí n ṣe alárinà fún ọmọbìnrin òun. Mẹ́kà ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Bá a sọ Yorùbá títí di alẹ́, Lárúbáwá ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ẹni tó kọ́kọ́ wá tọrọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tó wà ní Al-Abidiyah, ọmọ jẹ́jẹ́. Lọ́fíńdà rẹ̀ á ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, ẹ̀wù rẹ̀ á le gbagidi bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ́ tónítóní nínú sálúbàtà aláwọ. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọmọbìnrin ń yọjú wò ó, ó ń fi ayọ̀ rẹ́rìn-ín kùkùkù. Ṣùgbọ́n Àlàájì wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ó ní, "Géè nìyẹn, àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ọkùnrin wo ló ń múra báyẹn?" Gbogbo wa tí a jókòó ló mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi sì rò ó káàkiri nígbà tí mo padà sí Al-Nuzlah. Wọ́n dá ọmọ ọlọ́mọ padà, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohunkóhun.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mo mú òmíràn wá. Wẹ́dà ni èyí, ó ń jó irin níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Jẹ́dà. Úmúrà ló bá wá, kò padà sílé mọ́, kò sì ní ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn. Àmọ́ ẹ wo bàtà! Búùtù gàgàrà tó ga dé ojúgun, irin lórí, sìmẹ́ǹtì gbígbẹ lára. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, àwọn àwo mi á máa mì. Tó bá bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ dúdú nínípọn á tún wà nísàlẹ̀. Àlàájì rí búùtù yẹn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó pariwo pé, "Ẹ̀hẹ́n! Ọkùnrin dé!" Wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Mo bi ọmọbìnrin bóyá ó fẹ́ ẹ. Ó ní, "Àádì." Ìyẹn ni pé kò burú, kò dára. Èmi rò pé ojú ló ń tì í.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí a so yìgì ni èmi, ọkọ mi àti ọkọ ìyàwó lọ ṣe Úmúrà. Ọkùnrin tó bá sì ti wọ hárámì, aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ kò kàn, kò gbọdọ̀ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀. Sílípáàsì rọ́bà ló wọ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ọkọ mi wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ láti fárí. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ó ní kí àwa méjèèjì dúró de òun níta. Ibi tí a jókòó sí ni ojú mi ti bọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Yéè! Gìgísẹ̀ méjèèjì ti bó, ẹran pupa ti yọ.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Búùtù ni, Àlàájà."

"Kí ló dé tí o kò ra òmíràn?"

Ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Àlàájà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá mi tú yìgì yẹn ká. N kò fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ọkàn mi kì í fà sí obìnrin. Ọkùnrin ni. Bí mo ṣe wà láti kékeré nìyẹn."

Ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni pé, "Pẹ̀lú búùtù yẹn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, ó fi etí aṣọ funfun nu ojú. "Torí ẹ̀yin ni mo ṣe rà á, mà. Gbogbo Al-Nuzlah ló gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa olùkọ́ yẹn. Mo ní, áà, ṣé aṣọ ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀! Olùkọ́ ọ̀hún kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló ń wá."

 Mo fẹ́ bínú, n kò mọ ẹni tí màá bínú sí. Àwọn ọkùnrin ń kọjá níwájú wa, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, èjìká kan níta, sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Èmi télọ̀ jókòó, mò ń wò wọ́n, n kò lè sọ ohunkóhun nípa ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀rù sì bà mí gidi. Ẹnu Àlàájì kò ní ìdérí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ta sí i létí, ọlọ́pàá á kan ilẹ̀kùn ọmọ tí kò ní ìkámà, bóyá wọ́n á dá a padà sílé tàbí wọ́n á ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Mo pinnu. Màá kọ́kọ́ yọ oníbúùtù láìfarapa, lẹ́yìn náà màá wá bá olùkọ́ wá ojú rere. Mo gba An-Nakkasah lọ. Mo sọ fún Àlàájì pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà kò bára mu, pé wọ́n lè bí ọmọ tí yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ó fún ojú pọ̀. "Ta ló ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò? Àlàájà, ṣé kì í ṣe irú ti olùkọ́ ọjọ́sí ni?"

Mo pàtẹ́wọ́. "Ha! Àlàájì! Ṣebí ẹ rí búùtù ẹsẹ̀ rẹ̀! Ṣé irú wọn ló ń wọ irú bàtà yẹn?"

Ojú rẹ̀ tú ká. "Òótọ́ ni o," ó rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin gidi ni. Ó mà ṣe o."

Ó tán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tán! Kò bi mí léèrè ilé ìwòsàn, kò ní kí n mú ìwé àyẹ̀wò wá. Ẹnu kò yà mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Mẹ́kà.

Mo fẹ́ dárúkọ olùkọ́ nígbà tó tún ní, "Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá torí èyí gbé onílọ́fíńdà yẹn padà wá o. Ẹ̀yin náà ti fẹnu ara yín sọ ọ́. Ohun tí ọkùnrin bá wọ̀ ló fi ń hàn."

 Bí mo bá ní irọ́ ni, mo ti tú oníbúùtù fó. Mo panu mọ́.

Ọmọbìnrin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì méjì lórí àwo. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí.

"Àlàájà," ó ní, Yorùbá ló fi sọ ọ́, kedere, "ẹ̀yin náà?"

Ó gbé ife kan síwájú bàbá rẹ̀, ó sì gbé èkejì padà sí kíṣìnì.