Ojú Ọkọ Onílé Tí A Rán Sínú

Òórùn gọ́ọ̀mù tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ fóòmù mọ́ igi ló kọ́kọ́ máa ń pàdé ènìyàn ní Kugbo, ọjà àga tó wà ní Àbújá, kí ènìyàn tó rí àga kan ṣoṣo. Á wọ imú, á ta ojú. Bí ọyẹ́ bá wá dé, tí ìyẹ̀fun pákó dà pọ̀ mọ́ ọn, sísín ni ìwọ náà á máa sín títí wàá fi kúrò níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn náà níbikíbi, ara mi a yá gágá bíi ti ẹni tó fẹ́ bá ènìyàn wọ̀yá ìjà, nítorí pé ẹ̀yìn àwọn káfíńtà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń sọ pé rárá láì gbóhùn sókè.

Ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ti èrè. Àgékù aṣọ tí àwọn tó ń ṣe àga bá fẹ́ dà nù, aṣọ àlòkù tí àwọn olówó àárín ìlú bá yọ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, la máa ń kó jọ. A ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó tún un rán, a ó sì tà á ní pọ́ọ́kú fún ẹni tí kò ní. Màmá ló dá a sílẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti agbègbè Kàbà, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Bàbá Télọ̀, ará Ìsẹ́yìn, ló ń gé aṣọ, pẹ̀lú awò ojú tó fi òwú dúdú so mọ́ etí. Èmi ní tèmi, wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo wá ra síkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, ni mi ò bá lọ mọ́. Obìnrin kan tún wà lọ́dọ̀ wa, opó tí ogun lé kúrò nílùú rẹ̀ ní òkè Ọya lọ́hùn-ún. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé nínú àwọn ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí nítòsí wa, wọ́n sì ń wá kọ́ ìránṣọ. Hausa lèdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Màmá ní: aṣọ tó bá ti ọ̀dọ̀ wa jáde kò gbọdọ̀ sọ ibi tó ti wá. Bí àmì iléèwé bá wà lára rẹ̀, a ó tú u. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí ti ìjọ bá wà níbẹ̀, a ó yọ ọ́ fọ́nrán-fọ́nrán. Bọ́tìnnì pàápàá, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Màmá ṣì ń kọ́ni, ọmọbìnrin kan wọ gáùnù tí wọ́n ta á lọ́rẹ wá síbi àjọ̀dún iléèwé, ni ọmọ mìíràn bá dìde láàárín èrò, ó nàka sí i, ó ní, "Gáùnù mi nìyẹn!" Màmá kì í sọ ìtàn yẹn tán. Ibi tí ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà ló máa ń dúró sí, á wá mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

A kì í san owó ilé. Obìnrin kan tó rí jájẹ ló ni yàrá tí a ń lò, ó sì yá wa tọkàntọkàn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìbò ń bọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń du ipò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó já bẹ́ẹ̀lì aṣọ wálẹ̀ níwájú wa. Aṣọ búlúù ni, ojú ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gbàgàdà, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ojú kan ṣe ń parí lòmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká fi rán gáùnù fún àwọn obìnrin tí ogun lé kúrò nílé wọ̀nyí, òun á mú oníkámẹ́rà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ̀ ọ́.

Màmá wò ó lójú. "A máa rán an bí a ṣe ń rán aṣọ níbí, Màdáámù."

"Kò sí wàhálà," ló dáhùn, fóònù ti wà létí rẹ̀. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó yá."

Bó ṣe lọ tán ni mo dìde. Mo ní ká kó o tẹ̀ lé e, ká dà á sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣé ìyà tí àwọn obìnrin yìí ti jẹ ò tó ni, tí wọ́n tún máa sọ wọ́n di pátákó ìpolówó? Màmá ní kí n jókòó. "Aṣọ ò ṣẹ̀ wá," ló wí. Lóòótọ́, a kì í da aṣọ nù lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rán an, ilé lọ. Bí a bá sì rán an bó ṣe wà, òfin Màmá ti di yẹ̀yẹ́.

Opó náà ló yọ wá nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Iná lọ ní ọjọ́ kejì, yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, òun ló sì rán gáùnù àkọ́kọ́. Aṣọ pọ́ọ́kú ni aṣọ ìbò, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ àwòrán sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ kàn dà bíi búlúù tó ti ṣá ni. Nígbà tó gbé e dìde, ẹ̀yìn yẹn ló wà níta, gbogbo ojú ọkùnrin náà ti wọ inú lọ.

"Kai! O ti rán an sódì," ni Bàbá Télọ̀ wí, ó ti ń wá bíléèdì láti fi tú u.

Opó náà yẹ̀ ẹ́ wò. "Òdì kẹ̀? Mo rò pé ojú rẹ̀ nìyí. Ta ló máa jókòó lé ojú ọkọ ọlọ́kọ?"

A rẹ́rìn-ín títí awò fi já bọ́ lójú Bàbá Télọ̀. Màmá nìkan ni kò rín. Ó gba gáùnù náà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ má tú u," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ la máa rán gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá Télọ̀. "Màmá, ilé ńkọ́?"

"Ilé, tirẹ̀ ni. Ìránṣọ, tiwa ni."

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, mi ò lè sọ èyí tó pọ̀ jù. Mo rán aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n fi epo sí lápá. Oníkálukú la wọ̀n, a fi àpò sí i, a ṣe ọrùn wọn lóríṣiríṣi. Lọ́jọ́ tí onílé dé pẹ̀lú oníkámẹ́rà, àwọn obìnrin náà dúró sí àgbàlá nínú búlúù ṣíṣá yẹn, ẹwà wọn sì mú àwọn káfíńtà fi ayùn sílẹ̀. Onílé yí wọn po, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ọkọ mi dà?"

Opó náà bẹ̀rẹ̀, ó ká ìṣẹ́tí gáùnù rẹ̀ sókè díẹ̀. "Ga shi, Màdáámù. Òun nìyí." Ọkùnrin náà yọjú lábẹ́ rẹ̀, ó dorí kodò, ó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Àwọn káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Oníkámẹ́rà rọra gbé kámẹ́rà rẹ̀ wálẹ̀.

"Kí wọ́n bọ́ ọ! Kí wọ́n yí i padà báyìí!"

"Níwájú gbogbo ọkùnrin wọ̀nyí, mà?" Ohùn Màmá kò yí padà. "Mo sọ fún yín pé bí a ṣe ń rán aṣọ níbí la máa rán an. A kì í kọ orúkọ ẹlòmíràn sí ènìyàn lára."

Onílé ní ká kó ẹrù wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dé ìdí ọkọ̀, ó yíjú padà. "Ẹ ṣì máa wá bẹ̀ mí."

Màmá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ ilé tó yá wa, ó sì dá mi lójú pé láti inú ló ti wá. Èmi ò kúnlẹ̀ ní tèmi. Àwọn obìnrin náà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lérí nínú gáùnù tuntun wọn, a sì tò gba àárín ọjà àga kọjá bí ẹni ń sin ìyàwó. Ọ̀gá àwọn káfíńtà fún wa ní abẹ́ páànù tó ń kó bẹ́ẹ̀dì sí. "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí òwú yín lẹ̀ mọ́ pọ́líìṣì mi," ló wí. Òjò rí wa níbẹ̀, oòrùn rí wa, gọ́ọ̀mù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ wá lójú, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ẹ̀rọ wa dákẹ́. Bóyá ọkọ onílé wọlé ìbò yẹn tàbí kò wọlé, n kò tilẹ̀ rántí mọ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ènìyàn laṣọ ẹni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà nípọn. Onílé kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ fúnni láṣọ, ó sì tún fẹ́ máa bá ẹni tó fún gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì fúnni. Màmá ti padà sílé ní agbègbè Kàbà báyìí, opó náà ló wà nídìí ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ páànù kan náà. Mo yà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo bá a tó ń tú orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan kúrò lára àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó wá. Ó na bíléèdì kan sí mi láì kí mi tán, mo jókòó, àwa méjèèjì sì ń tú u lọ. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀. Onílé ní a ṣì máa wá bẹ òun. A ò tíì lọ.